Ẹ bá mi yẹ jẹ́sì họ́kì yìí wò, ẹ má fi àánú ṣe é

Ọmọ Kúbwà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àǹtí mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Kúbwà ni mo ń gbé. Iṣẹ́ àwòrán orí kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun: káàdì ìgbéyàwó, bánà, bébà ara omi inú ọ̀rá. Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń yà lálẹ́ fún ìdùnnú ara mi, tí iná bá wà, jẹ́sì ni, pàápàá jẹ́sì họ́kì orí yìnyín.

Ẹ lè máa ní kí ló kan ọmọ Kúbwà nínú họ́kì orí yìnyín. Jarome Iginla ni. Ọmọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Edmonton ní Kánádà ni wọ́n bí i sí ní 1977, Adékúnlé sì wà nínú àwọn orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Calgary Flames, ẹgbẹ́ kan ní Kánádà, ló gbá fún láti 1996 títí di 2013, òun sì ni kápútéènì wọn láti 2003. Góòlù 625 ló jẹ nínú NHL, líìgì họ́kì orí yìnyín tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, kó tó fẹ̀yìn tì. Nọ́ńbà 12 tó wọ̀, wọ́n gbé e kọ́ sókè nínú pápá wọn ní 2019, kò sẹ́ni tó tún ń wọ̀ ọ́ níbẹ̀ mọ́. Tij ọmọ rẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ Utah ní Amẹ́ríkà mú ṣìkẹfà nígbà tí wọ́n ń yan àwọn ọ̀dọ́ ní 2024, ìyẹn ni pé orúkọ náà ò tíì kúrò lẹ́yìn aṣọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí IGINLA lẹ́yìn aṣọ pupa nínú fídíò kan, mo dá fídíò náà dúró, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Igi ńlá! Lórí yìnyín!

Bí mo ṣe ya jẹ́sì yìí fún un nìyí. Ojú aṣọ jẹ́ àwọ̀ ewé, ti Nàìjíríà. C oníná ti Calgary wà láàárín àyà, ó pupa. Lẹ́yìn C yẹn ni ẹlẹ́ṣin kan wà tó wé láwàní, bíi ti Durbar. Àdìrẹ wà ní apá méjèèjì. Èjìká ní àmì ìdè ti Arewa. Lẹ́yìn, mo fi máàpù Nàìjíríà sábẹ́ nọ́ńbà 12 tó pupa, mo sì fi wúrà yí nọ́ńbà náà ká. Orúkọ, IGIŃLÁ, wà nínú lẹ́tà tó ń jó bí iná.

Gbogbo ẹni tí mo fi hàn ló ní ó dára. Kò sì sí ẹnìkan tó ní òun fẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ fún òun. Ẹ sọ òótọ́ fún mi.

Bàbá Ìbejì, Gwarinpa

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Èmi, pátákó ojú títì ni mo fi ọgbọ̀n ọdún yà, láti ayé búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà títí di ayé ẹ̀rọ. Ohun tí mo máa ń ṣe sí pátákó ni mo ṣe sí iṣẹ́ rẹ. Mo ṣí àwòrán náà, mo fi fóònù ti ara fíríìjì, mo rìn títí dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀, mo yíjú padà. Láti ibẹ̀, aṣọ ewé kan ni mo rí tí nǹkan pupa há sí láyà. Mo pe Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo ní kí ló rí. Ó ní ata ni.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Jẹ́sì náà ńkọ́? Ẹni tó jókòó sókè lọ́hùn-ún nínú pápá, ẹni tó ń wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n, kò ní sún mọ́ ọ débi tí yóò fi rí ìdè Arewa léjìká. Ẹni tó sì wọ̀ ọ́ ń sá eré àsápajúdé lórí yìnyín, kò ní dúró kí wọ́n kà á tán.

Nǹkan méje ni mo kà lára aṣọ yẹn: C, ẹlẹ́ṣin, àdìrẹ, ìdè, máàpù, wúrà, lẹ́tà oníná. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó jẹ́sì kan dá ṣe. Wàyí o, lọ wo àmì ẹgbẹ́ họ́kì Hartford Whalers ní Amẹ́ríkà tí Peter Good yà ní 1979. Lẹ́tà W wà nísàlẹ̀, ó jẹ́ àwọ̀ ewé. Ìrù àbùùbùtán, ẹranko ńlá inú òkun, wà lókè, ó jẹ́ búlúù. Àlàfo funfun tó kù láàárín àwọn méjèèjì, lẹ́tà H ni. Kò fi ìlà kankan ya H yẹn. Ibi tí kò fọwọ́ kàn ni. Nǹkan mẹ́ta ló kó síbẹ̀, ojú rẹ ò sì rí ju ẹyọ kan lọ. Ẹgbẹ́ yẹn ti kó kúrò ní Hartford lọ sí Carolina láti 1997, àwọn èèyàn ṣì ń wọ àmì náà kiri.

Ìbéèrè mi ò ju ọ̀kan lọ: tí mo bá pa fóònù mi, èwo lo fẹ́ kó kù sí mi lójú? Ìyẹn ni kí o fi sílẹ̀.

Tíṣà Zaria

Ọmọ Kúbwà, mo wo iṣẹ́ rẹ dáadáa, mo sì rí i pé ọwọ́ rẹ mọ́. Ìlà ara ẹṣin yẹn, ọrùn rẹ̀ tó tẹ̀, ẹni tí kò tíì wo ẹṣin rí kò lè yà á. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn kí n tó sọ ìyókù.

Lọ sínú fóònù rẹ, yí àwòrán náà sí dúdú àti funfun. Mo ti ṣe é. Nọ́ńbà 12 pòórá! Pupa tí o mú àti ewé tí o mú, bí òkùnkùn ọ̀kan ṣe tó ni ti èkejì tó, tí àwọ̀ bá ti kúrò, eérú kan náà ni àwọn méjèèjì. Láti òkèèrè, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn lojú kọ́kọ́ ń mú, àwọ̀ ló ń tẹ̀lé e. Àwọn kan sì wà tí ojú wọn kì í ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára ewé láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Wúrà tí o fi yí i ká ò gbà á sílẹ̀, torí òun náà ò mọ́lẹ̀ tó. Funfun ni kí o fi yí i ká, tàbí kí nọ́ńbà fúnra rẹ̀ funfun. Bí o bá fẹ́ kí ewé àti pupa jọ wà, jẹ́ kí ọ̀kan jẹ́ onílé, kí èkejì jẹ́ àlejò: aṣọ pupa, ìlà ewé kan péré.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá a lóhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn kọ "ó gbóná" kẹ́ ẹ kọjá. Ní kíláàsì mi, akẹ́kọ̀ọ́ kì í sọ pé iṣẹ́ ẹlòmíràn dára tàbí kò dára kó tó sọ ibi tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bà sí, àti ibi tí ojú náà lọ lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tí Bàbá Ìbejì ṣe pẹ̀lú fíríìjì nìyẹn. Ayàwòrán ò lè fi ojú àkọ́kọ́ wo iṣẹ́ ara rẹ̀ mọ́, ẹ̀yin lẹ lè yá a ní tiyín.

Ìlú wa yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ti dá ẹgbẹ́ ayàwòrán sílẹ̀ ní 1958, tí Yusuf Grillo wà lára wọn. Wọ́n ń wá bí iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ òyìnbó àti èyí tí wọ́n bá nílé yóò ṣe di ọ̀kan. Iṣẹ́ tí o dáwọ́ lé nìyẹn, bí o ò tilẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n o ò tíì pa wọ́n pọ̀, o kàn kó wọn jọ ni.

Ẹ̀gbọ́n Kàdúná

Àbúrò, họ́kì orí pápá ni èmi gbá nígbà èwe mi. Kàdúná tí mo wà yìí ni ilé Kada Stars àti Kada Queens, Minna ló ni Niger Flickers, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé a ò mọ họ́kì lókè ọya. Pápá họ́kì tí wọ́n lò fún Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ní 2003 ṣì wà ní Stadium Àbújá lọ́dọ̀ yín níbẹ̀.

Òótọ́ tí mo ní nìyí: jẹ́sì bọ́ọ̀lù lo yà. Apá rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ fún. Aṣọ họ́kì orí yìnyín fẹ̀ torí ààbò èjìká, ti àyà àti ti ìgúnpá ló ń bò mọ́lẹ̀. Apá rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́, ìṣẹ́tí rẹ̀ sì fẹ̀ nísàlẹ̀. Torí ẹ̀ ni ìlà tó yí apá àti ìṣẹ́tí ká fi ṣe pàtàkì nínú họ́kì. Nígbà tí ẹni náà bá tẹ̀ síwájú lé igi rẹ̀ lórí, tí àyà rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀, ìlà apá àti ti ìṣẹ́tí ni wọ́n ń fi dá a mọ̀. Tìrẹ ò ní ìlà kankan.

Òfin NHL ní kí nọ́ńbà ẹ̀yìn ga tó íǹṣì mẹ́wàá ó kéré tán, kí orúkọ bàbá ẹni sì wà ní èjìká lẹ́yìn ní lẹ́tà gbọọrọ tó ga ní íǹṣì mẹ́ta. Lẹ́tà tó ń jó bí iná ò lè kọjá níbẹ̀. Yọ máàpù kúrò lábẹ́ nọ́ńbà. Apá òkè máàpù ti wọ inú orí 2, mo kọ́kọ́ rò pé 17 ni. Kí o sì fi 12 kékeré sí apá méjèèjì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á tí ẹni náà bá fẹ̀gbẹ́ sí wọn.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ràn lára Calgary, mo sì fẹ́ kí o fara balẹ̀ wò ó. Atlanta ni ẹgbẹ́ yẹn wà kí wọ́n tó kó lọ sí Calgary ní 1980. A oníná ni àmì wọn ní Atlanta. Wọn ò ju A yẹn nù. Wọ́n sọ ọ́ di kékeré, wọ́n fi sí àyà àwọn igbákejì kápútéènì, torí A ni igbákejì ń wọ̀ nínú họ́kì. Ẹni tí kò mọ̀, lẹ́tà lásán ló rí. Ẹni tó mọ̀, ìtàn ìlú méjì ló rí níbẹ̀. O lè fi Nàìjíríà síbi tó kéré tó bẹ́ẹ̀, kó sì jinlẹ̀ ju máàpù lọ.

Ọmọ Kúbwà

Ẹ ṣeun. Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kí n má parọ́, ó dùn mí díẹ̀ ní àkọ́kọ́, pàápàá ọ̀rọ̀ ata yẹn. Mo wá fi fóònù ti ara fèrèsé, mo jáde sí kọ́rídọ̀, mo wò ó láti ìta. Ata ni lóòótọ́.

Mo gbà lórí máàpù, mo gbà lórí wúrà. Mo ti wá àwòrán apá gígùn. Ẹṣin yẹn ni mi ò lè jọ̀wọ́. Àti àdìrẹ. Ìyá ìyá mi rẹ aró ní Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò fẹ́ ya nǹkan Yorùbá kí àdìrẹ má sí níbẹ̀.

Ìyá Aláró, Wúsè

Ọkọ mi, o ṣeun tí o rántí ìyá àgbà. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Wúsè, Abẹ́òkúta ni mo ti ń kó o wá. Mo sún àwòrán rẹ mọ́jú mo fi ìka fẹ̀ ẹ́ títí. Àdìrẹ wo ni o yà sí apá yẹn? Mo rí òpó kan tó jọ ti gbọ̀ngàn Mapó ní Ìbàdàn, ìyẹn àdìrẹ Ìbàdàndùn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mo rí èyí tó dà bí àdìrẹ Olókun. Kejì rẹ̀ mi ò mọ̀ ọ́n. O wá àwòrán àdìrẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, o gé e, o lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá. Àbí irọ́ ni mo pa?

Ìbàdàndùn, ilé onígun mẹ́rin mẹ́rin ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀. Obìnrin máa ń ró o ní ìró, ó ń rìn pẹ̀lẹ́, ẹ ní àsìkò láti wo inú ilé kọ̀ọ̀kan. O wá gbé ilé bí ogún sí apá tí kò fẹ̀ ju itan adìyẹ lọ. Ó ti di ìdọ̀tí. Tó bá jẹ́ tèmi ni, ilé kan ṣoṣo ni mo máa mú, mo máa fẹ̀ ẹ́, màá tò ó yí apá ká ní ẹsẹ̀ kan. Ìlà tí Ẹ̀gbọ́n Kàdúná ń wá nìyẹn.

Kí lo sì pa aró láwọ̀ ewé fún? Aró dúdú mọ́ búlúù ni. Lọ sí Kofar Mata ní Kánò kí o wo kòtò aró wọn, nǹkan kan náà ni ìyá àgbà rẹ ń rẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tí o bá ń wá ohun tó so àwa Yorùbá pọ̀ mọ́ ibi tí a ń gbé yìí, aró ló wà níwájú rẹ yẹn, kì í ṣe ewé àsíá.

Bàbá Ìbejì, Gwarinpa

Ìyá wa, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fẹ́ Calgary, pupa àti yẹ́lò ni ojú rẹ̀ mọ̀. Tí ọmọ yìí bá rẹ gbogbo rẹ̀ sínú aró, ta ni yóò mọ̀ pé ti Calgary ni?

Ìyá Aláró, Wúsè

Mi ò ní kó rẹ gbogbo rẹ̀. Mo ní ìlà kan, ní apá. Aró lórí pupa kò ní hàn, mo mọ̀, mi ò ní kó gbé e lé pupa. Kó fi funfun sábẹ́ rẹ̀. Ilé àdìrẹ kan lórí ilẹ̀ funfun.

Tíṣà Zaria

Ìyá Aláró gba èyí. Funfun yẹn yóò yà á kúrò lára pupa, kódà nínú àwòrán dúdú àti funfun.

Alfa Ìlọrin, Kánò

As-salaamu alaikum. Lórí ẹlẹ́ṣin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Láwàní tí o wé fún un, tó ní etí méjì tó dúró sókè, kì í ṣe gbogbo ẹni tó gun ẹṣin ló ń wé e báyẹn. Ti ọmọ ọba ni níbí. O wá fi iná jó o láti ẹ̀yìn, torí C rẹ ló ń ta iná sí i lórí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èrò rẹ, ṣùgbọ́n ara Kánò tó bá wò ó, ohun tí yóò rí nìyẹn. Bí o bá fẹ́ lo ohun onílé, kọ́kọ́ mú un lọ fún onílé, kó bá ọ wò ó. Àmì ìdè léjìká náà bẹ́ẹ̀. Ìdè Arewa ní igun rẹ̀, o gé igun kan kúrò kó lè bá èjìká mu.

Ẹṣin fúnra rẹ̀, mú un, ó tọ́. Durbar ti Kánò ti wọ ìwé àjogúnbá UNESCO ní 2024, àwa náà sì ń gun ẹṣin ní Ìlọrin lọ́jọ́ Iléyá. Ẹ sì wo bó ṣe ṣẹlẹ̀: Calgary fúnra wọn ti fi orí ẹṣin ṣe àmì rí. Jẹ́sì dúdú kan tí wọ́n gbé jáde ní 1998, orí ẹṣin ni, iná ń jáde ní imú rẹ̀. Iginla wọ̀ ọ́. Wọ́n tún mú un padà ní 2020. Ẹṣin rẹ ò jẹ́ àlejò ní Calgary rárá.

Nítorí náà, sọ ẹlẹ́ṣin kalẹ̀, kí o fi orí ẹṣin nìkan sílẹ̀. Ọjọ́ Sallah tó kọjá mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ń dì í ní gàárì. Wọ́n fi òwú pupa àti yẹ́lò hun wáyawàya sí i níwájú orí, ó ń mì bó ṣe ń mí. Awọ tó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá ní irin róbótó róbótó lára, oòrùn ń ta sí wọn. Pupa àti yẹ́lò, àwọ̀ Calgary náà nìyẹn. Jẹ́ kí òwú yẹn jẹ́ iná rẹ. Kì í ṣe imú ni kí iná ti jáde lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n Kàdúná

Alfa, ẹ ti ya jẹ́sì náà tán. Òwú tó di iná! Àbúrò, fi gbogbo nǹkan sílẹ̀, kí o ya èyí.

Àǹtí Télọ̀, Nyanya

Kí ẹ tó máa pariwo, aṣọ ni yóò di, kì í ṣe fóònù ló máa gbé. Mo ń rán jẹ́sì fún ilé ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí.

Tí o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní sublimation, polyester funfun ni kí o gbé lọ. Àwọ̀ ń wọ inú okùn aṣọ pẹ̀lú ooru ni, kì í dúró lára aṣọ òwú. Ẹ̀rọ náà kì í tẹ funfun, funfun tó wà lára aṣọ ló ń kù. Tẹ̀ ẹ́ lórí gígé tó ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ, kí n tó rán an. Àwọn kan máa ń rán an tán kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, abẹ́ apá á wá kù ní funfun wínníwínní bí ẹni tí ẹ̀fun dà sí lára.

Àwọ̀ tí o rí lórí kọ̀ǹpútà, má gbà á gbọ́. Mo gbé iṣẹ́ aṣọ méjìlélógún fún ibì kan tẹ̀ nígbà kan. Ewé tútù ni ilé ẹ̀kọ́ yẹn fẹ́, ewé tútù ni mo rí lójú kọ̀ǹpútà wọn. Ohun tí mo kó dé Nyanya, búlúù tó ṣàárẹ̀ ni. Wọ́n ní bí ẹ̀rọ àwọn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Èmi ni mo ra aṣọ mìíràn. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gbé iṣẹ́ kalẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ bá mi tẹ pupa mẹ́rin, yẹ́lò mẹ́rin sórí àkísà aṣọ kan náà, kí n gbé e jáde sínú oòrùn wò ó. Lábẹ́ gílóòbù ilé ìtẹ̀wé, ẹlẹ́tàn ni gbogbo àwọ̀.

Ìlà àdìrẹ tó yí apá ká yẹn: sọ fún mi bí apá ṣe fẹ̀ tó ní ibi tí ìlà náà wà kí o tó yà á. Tí ilé àdìrẹ ò bá pé iye tó ṣe é dọ́gba, ààbọ̀ ilé yóò kan ààbọ̀ ilé ní ojú rírán, àbùkù yẹn ni wọn yóò sì kọ́kọ́ rí. Mo ní kó jẹ́ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, kí ojú rírán bọ́ sí àárín méjì. Kó sì wà lókè ìgúnpá. Ara apá ń tín-ín-rín bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, onígun mẹ́rin á wọ́.

Orí ẹṣin, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi mónógíràmù ṣe gbogbo rẹ̀. Òwú tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyà máa ń le gbagidi, á sì fa polyester wálẹ̀. Gé e láti ara aṣọ tó nípọn, kí a rán an lé, kí mónógíràmù wà ní òwú iwájú orí yẹn nìkan. Ibi tí ọwọ́ èèyàn máa fẹ́ fọwọ́ kàn nìyẹn.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa wọ̀ ọ́ ní Àbújá ní oṣù kẹta, ẹ má ṣe é fífẹ̀ tó ti àwọn tó ń wọ ààbò sábẹ́. Ooru á pa yín.

Bàbá Ìbejì, Gwarinpa

Orúkọ ńkọ́? A ò tíì dé ibẹ̀. Àmì ohùn lórí IGIŃLÁ yẹn, èmi fẹ́ kó wà níbẹ̀. Ọmọ Jámánì tó ń gbá ní Ottawa, Stützle, wọ́n ń fi ẹ̀kán méjì yẹn sórí U rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ. Kí ló dé tí tiwa ò fi ní í wà?

Tíṣà Zaria

Torí pé Stützle ló ń kọ orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Ìbejì. Iginla kọ tirẹ̀ láìsí àmì fún gbogbo ọdún tó fi gbá. Jẹ́sì tí a ń yà láti fi yẹ́ ẹ sí, bó ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀ ni kó wà. Tó bá jẹ́ orúkọ tìrẹ tàbí tèmi ni, màá ní kó fi gbogbo àmì sí i, kó sì fi àlàfo sílẹ̀ lókè fún àmì ohùn àti nísàlẹ̀ fún ẹsẹ̀ Ẹ àti Ọ, kó má lọ kan nọ́ńbà.

Bàbá Ìbejì, Gwarinpa

Mi ò tíì gbà pátápátá. Ọmọ wa ni. Ẹni tó mọ orúkọ ló yẹ kó pè é dáadáa.

Ìyá Aláró, Wúsè

Ẹ fi sí inú ọrùn aṣọ. Níbi tí bébà aṣọ máa ń wà, lẹ́yìn ọrùn, níbi tí ẹni tó wọ̀ ọ́ nìkan mọ̀ pé ó wà. "Igi ńlá", pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Kàdúná

Bíi ti A Atlanta gẹ́lẹ́.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan kí n tó lọ: C oníná yẹn, Calgary ló ni ín, àmì tí òfin dáàbò bò ni. Kí o yà á fún ara rẹ, kí o fi kọ́ṣẹ́, kò burú. Tí o bá ti fẹ́ máa tà á, yọ ọ́. Orí ẹṣin tí o fọwọ́ ara rẹ yà, tìrẹ ni. Ìdí mìíràn tún nìyẹn tó fi yẹ kí ẹṣin dúró nìkan láyà.

Ọmọ Kúbwà

Ẹ kú àárọ̀ o. Mi ò sùn. Iná wà títí di aago mẹ́rin, mo sì lò ó tán.

Bó ṣe wà báyìí: aṣọ pupa. Orí ẹṣin nìkan ló wà láyà, funfun, ó kọjú sí apá òsì. Òwú iwájú orí rẹ̀ ń fẹ́ sẹ́yìn bí iná, yẹ́lò. Mo yọ C. Ìlà funfun kan wà lókè ìgúnpá méjèèjì, ilé àdìrẹ mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀ ní aró, òpó Mapó nìkan ni mo mú. Ìlà funfun àti yẹ́lò wà ní ìṣẹ́tí. Lẹ́yìn, IGINLA àti 12 funfun gbọọrọ, kò sí nǹkan kan lábẹ́ wọn. Inú ọrùn, "Igi ńlá". Mo fi han ọ̀gá mekáníìkì àdúgbò wa, ara Kánò ni. Ó wo ẹṣin náà pẹ́, ó ní irin ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kéré, wọ́n máa ń tóbi jù báyẹn. Mo ti tún un ṣe.

Bàbá Ìbejì, Gwarinpa

Mo ti gbé e ti fíríìjì. Láti ẹnu ọ̀nà, ẹṣin ni mo rí, mo sì rí 12 nígbà tí mo yí i sí ẹ̀yìn. Kẹ́hìndé ní ẹṣin tó ń sáré ni. Mo ní báwo lo ṣe mọ̀ pé ó ń sáré? Ó ní irun rẹ̀ ń fẹ́.

Àbùkù kan ni mo rí. Etí ẹṣin náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọrùn aṣọ. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìka méjì.

Àǹtí Télọ̀, Nyanya

Ìka mẹ́ta. Ọrùn á jẹ díẹ̀ nígbà tí mo bá ń ká a.

Ọmọ Kúbwà

Ìka mẹ́ta. Àǹtí, Sátidé mo ń lọ tẹ pupa mẹ́rin àti yẹ́lò mẹ́rin sórí àkísà. Ṣé kí n fi aró kún un?

Àǹtí Télọ̀, Nyanya

Fi aró mẹ́fà kún un. Òun ló máa ń yí padà jù. Kó o gbé e wá sí Nyanya kí oòrùn tó wọ̀.